Ojú Kejì Téèpù Mi

Ṣòkòtò tí èmi fúnra mi rán ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹsẹ̀ mi ń wú. Aṣọ ọdún Iléyá ni. Mo ti wọn ara mi, mo gé e, mo rán an, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ní àárọ̀ ọdún, lẹ́yìn tí mo ti fi gbogbo òru jókòó rán aṣọ oníbàárà, mo ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó lọ títí, ó dé gìgísẹ̀, ó dúró. Mo tì í, ó kọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, òwú já ní ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi tí mo ti ń rán ṣòkòtò fún àwọn ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ fún ogún ọdún ó lé, mi ò lè wọ tèmi. Jalabíà ni mo wọ lọ sí yídì lọ́jọ́ náà. Gbogbo ẹni tó bá bi mí ni mo ń dá lóhùn pé ooru ló mú mi.

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti ilẹ̀ Benin, kì í ṣe èyí tó wà ní Èkó. Yorùbá ni à ń sọ nílé, Faransé ni wọ́n fi ń nà wá ní ilé ìwé. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì kan àti téèpù kan, mo ń sọ fún ara mi pé èmi kò lọ sí ìdálẹ̀ kankan. Ọ̀yọ́ ni mò ń lọ. Èdè kan náà ni, ọbẹ̀ kan náà ni. Àṣé mò ń tan ara mi jẹ ni. Ọjọ́ kìíní tí mo la ẹnu kí àwọn àgbà kan lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán, wọ́n wo ara wọn, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọmọ ibo nìyí? Yorùbá ẹ̀ dáa o, àmọ́ ó ń kọrin." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá mi, mo sunkún.

Títí di òní, mo ṣì máa ń rò ó. Ẹni tó lọ síbi tí wọn kò ti gbọ́ èdè rẹ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àlejò lòun. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ, tí wọ́n sì tún ń bi ọ́ pé ibo lo ti wá, ó máa ń dun èèyàn lọ́nà mìíràn.

Ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ ni Alhaji Mùfú, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í pariwo. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, ó gbé aṣọ oníbàárà kan fún mi kí n fi rán ṣòkòtò, ó ní, "Ẹnu ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún." Ní Kétu, sàǹtímítà ni à ń fi wọn aṣọ. Mo gé mẹ́rìndínlógún fún iwájú, mo gé mẹ́rìndínlógún fún ẹ̀yìn, mo rán wọn pọ̀, inú mi ń dùn. Mi ò mọ̀ pé íǹṣì ni àwọn télọ̀ ìhín ń kà. Oníbàárà náà dé, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ kan ta pọ́ún pọ́ún káàkiri ṣọ́ọ̀bù, ó di ògiri mú, ẹsẹ̀ kejì há sínú ṣòkòtò. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní, "Alhaji, ṣé ọmọ mi lẹ rán eléyìí fún ni?"

Mo ti ń wo ilẹ̀kùn, mo mọ̀ pé wọ́n máa lé mi. Alhaji Mùfú bẹ oníbàárà, ó sin ín dé ìta, ó padà wá bá mi. Ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn mi, ó yí i padà, ó nà án sí mi lójú.

"Ojú méjì ló ní," ó ní. "Ti ilé yín ni èyí tí ò ń wò yẹn. Níbí, yí i padà."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fi téèpù kọ́rùn, ojú íǹṣì ló máa ń wà níta, ojú sàǹtímítà á kọ sí ara mi. Mo yí ohùn mi padà bákan náà. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ń kọ́lé, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, títí ẹnikẹ́ni kò fi bi mí mọ́ pé ọmọ ibo ni mí, àfi ẹni tó bá bá mi jókòó pẹ́.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, mo gba òmìnira, mo kọjá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Sábó. Àwọn oníṣòwò Sábó fẹ́ ṣòkòtò tó fẹ̀ dáadáa, àwọn ọmọ yunifásítì fẹ́ èyí tó fún mọ́ ẹsẹ̀, èmi a sì máa rán méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ náà ni mo sin ín sí. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ti wà nílé ọkọ. Bàbá Kétu ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, mo sì ti fẹ́ràn orúkọ náà.

Télọ̀ mìíràn wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, Bàbá Grace, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Ní àràárọ̀, kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn, á fi kọ́ọ̀bù bu omi nínú báàkẹ́ẹ̀tì, á wọ́n ọn síwájú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, á sọdá, á wọ́n ọn síwájú tèmi náà, kí eruku má bàa bo aṣọ oníbàárà. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Mi ò rò ó rí.

Ọdún tó ṣáájú Iléyá yẹn ni wọ́n sọ fún mi ní ọsibítù pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n fún mi ní hóró oògùn funfun kékeré kan, kí n máa lo ọ̀kan láràárọ̀. Mo lò ó tọkàntọkàn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá wa. Oko ló wà, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ́ rẹ̀, apá kan àti ẹsẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà. Oògùn náà ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí wú. Láàárọ̀, ó máa ń mọ níwọ̀n. Tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀, ojú ibẹ̀ á jìn wọlé, á sì pẹ́ kó tó dìde. Ẹsẹ̀ ni télọ̀ fi ń jẹun. Nígbà tí pẹ́dàlì máṣíìnì bá ń wúwo mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ láti aago mẹ́ta ọ̀sán, o mọ̀ pé nǹkan ti dé. Àwọn oníbàárà mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá Kétu, ìsàlẹ̀ lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí sanra."

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ní ọsibítù. Gbogbo oṣù ni mo ń lọ. Nọ́ọ̀sì á wọn ẹ̀jẹ̀ mi, á ní, "Bàbá, ṣé àlàáfíà ni? Kò sí wàhálà kankan?" Èmi á sì dáhùn pé, "Àlàáfíà ni, a dúpẹ́." Wọ́n kí mi, mo dáhùn. Ta ni wọ́n ń kí tí á bẹ̀rẹ̀ sí ka àìsàn sílẹ̀? Ó kù síbì kan. Mo ti lo gbogbo ọjọ́ ayé mi nílẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ará Kétu yẹn ní wàhálà. Ṣòkòtò tó fẹ̀ ni mo máa ń wọ̀ lọ, ó bo gbogbo rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú káàdì mi lóṣooṣù pé kò sí ìṣòro.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Kọ́lá, tó wà ní Kétu, ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ fún. Òun ló tọ́ mi dàgbà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ló máa ń pè mí lórí fóònù. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní kí n tún un sọ.

"Ẹsẹ̀ kì í ṣàdédé wú," ó ní. "O ti tẹ nǹkan. Ta ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ?"

Mo fi ẹ̀rín sọ fún un pé Bàbá Grace ni, pé òun ló ń bá mi wọ́n omi síta láràárọ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Omi kí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi kànga ni. Nítorí eruku ni."

"O wà níbẹ̀ nígbà tó pọn ọ́n?"

Mo ní mi ò sí níbẹ̀. Ó ní kí n dá oògùn òyìnbó yẹn dúró ná, nítorí pé oògùn òyìnbó kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí n sì má tẹ omi náà mọ́. "Tí ẹsẹ̀ kò bá gba iṣẹ́ mọ́, máa bọ̀ nílé. Tí a bá kórè àgbàdo tán, èmi fúnra mi á wá kó ìwọ àti máṣíìnì rẹ."

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ṣe ohun tó wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àgbàlagbà, mo fo omi náà. Mo sún sẹ́yìn, mo gbá jalabíà mi jọ, mo fò ó pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú yẹn, mo bọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn mi. Bàbá Grace ń wò mí láti òdìkejì. Mo kí i, ó kí mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fò ó lójoojúmọ́. Oògùn wà nínú dúrọ́ọ̀, mi ò fọwọ́ kàn án.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ mi wálẹ̀. Ó wálẹ̀ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé o ti rí i báyìí?" Mo ti rí i. Ìbànújẹ́ tó bá mi lọ́jọ́ náà kò kéré. Mo jókòó sídìí máṣíìnì, mò ń wo ọkùnrin tó bá mi gbé òkú ìyàwó mi, mò ń ronú pé, àṣé ọ̀tá ni. Ogún ọdún ó lé tí mo fi yí téèpù mi padà, tí mo yí ohùn mi padà, mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti já sí asán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ẹrù tí mo máa kó.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mi ò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ di méjì lójú mi. Orí mi ń lù bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀. Mo dìde kí n lọ mu omi, ilẹ̀ yí, mo di máṣíìnì mú. Ẹni tó sọdá títì tó gbá mi mú kí n tó ṣubú ni Bàbá Grace. Ó gbé mi sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó fi aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ so mí mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó di ọsibítù. Iye tó wà lókè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé igba. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ ò lo oògùn yín ni?" Mo wo Bàbá Grace, mo wo ilẹ̀.

Wọ́n tọ́jú mi títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí n padà sídìí oògùn mi. Bàbá Grace jókòó tì mí ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tó ku èmi àti òun, ó ní, "Kí ló dé tóo fi dá a dúró?"

"Ẹsẹ̀ mi ló ń wú."

Ó mi orí. "Ìyá Grace náà dá a dúró. Hóró funfun kékeré yẹn, àbí? Ẹsẹ̀ ẹ̀ wú bí ìrọ̀rí. Ó ní òun ò lò ó mọ́. Ọlọ́run ló ní ó máa wà láàyè. Ṣé o sọ fún dókítà?"

"Wọ́n ní ṣé àlàáfíà ni, mo ní a dúpẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Báwo ni dókítà ṣe máa rí abẹ́ ṣòkòtò? Télọ̀ ni ẹ́, wọ̀n ọ́n. Gbé e sínú ìwé, kí o gbé e lọ fún wọn. Ìwé kì í tijú."

Ojú mi là lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù yẹn. Ọjọ́ kan náà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí fo omi ni mo dá oògùn dúró. Mo ti fi ẹ̀ṣẹ̀ oògùn dá omi lẹ́bi.

Mo padà sídìí oògùn, ẹsẹ̀ sì padà sídìí wíwú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ kìíní, mo fi íǹṣì wọn ọrùn ẹsẹ̀ láàárọ̀, mo tún wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán kí ó tó wú tán, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju ààbọ̀ íǹṣì lọ. Ó ti mọ́ wa télọ̀ lára láti máa fo ààbọ̀ íǹṣì. Mo jókòó, mo ń wo téèpù náà. Lẹ́yìn náà mo yí i padà. Ojú tó ti kọ sí ara mi láti Ọ̀yọ́ ni mo yí síta. Mẹ́rìnlélógún láàárọ̀, méjìdínlọ́gbọ̀n ní ìrọ̀lẹ́. Ó hàn gbangba.

Mo ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí, mo kọ Bàbá Kétu sókè rẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ọ̀tún àti òsì, wákàtí tí mo fi jókòó sídìí máṣíìnì, àti pé mo lo oògùn. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo gbé ìwé náà lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ṣé àlàáfíà ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Rárá o, ọmọ mi. Kì í ṣe àlàáfíà. Ẹ wò ó." Mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè. Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Dókítà tó rí mi, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ mi lọ, ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, Dókítà."

"Sàǹtímítà nìyí?"

Mo rò pé mo tún ti ṣe àṣìṣe Ọ̀yọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀ pé tí wọ́n bá fẹ́ íǹṣì, mo lè yí i.

"Ẹ má yí nǹkan kan," ó ní. "Sàǹtímítà làwa náà ń lò níbí. Ìwé yín yìí ti ràn mí lọ́wọ́ gan-an, bàbá."

Ó yẹ ìtọ̀ mi wò, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó gbọ́ ọkàn mi, kó lè mọ̀ dájú pé kì í ṣe kíndìnrín tàbí ọkàn ló ń dá ẹsẹ̀ wú. Nígbà tí èsì jáde pé gbogbo wọn dára, ó ṣàlàyé fún mi pé oògùn náà ń ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, pé omi díẹ̀ sì máa ń jò jáde, á sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ àwọn kan. Ó dín in kù sí ìdajì, ó fi òmíràn kún un. Ó ní kí n máa dìde rìn ní wákàtí wákàtí, kí n máa gbé ẹsẹ̀ sókè tí mo bá ń sinmi, kí n má sì dá oògùn dúró mọ́ láìsọ fún wọn. Mo ní mo gbọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó jáde.

Ìwọ̀n ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀ nínú ìwé mi. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó fẹ́ bà mí nínú jẹ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ mi náà sì dúró níbi tí wọ́n fẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ tó di mẹ́rìnlélógún, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo rán ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò Iléyá tó já, mo wọ̀ ọ́. Ó wọlé wọ̀ọ̀. Mo wọ̀ ọ́ sọdá lọ bá Bàbá Grace, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ omi fún un, gbogbo rẹ̀.

Ó fà mí dìde. "Mo rí ẹ nígbà tóo ń fò," ó ní. "Mo rò pé dókítà ló ní kóo máa ṣe eré ìdárayá ni. Mo tiẹ̀ ń sọ fún Ìyá Grace pé ẹ̀mí ẹ yá." Ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Láti ọ̀la lọ, ìwọ lo máa wọ́n ọn. Èmi náà fẹ́ sinmi."

Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi dé lẹ́yìn ìkórè àgbàdo. Mo ti sọ fún un lórí fóònù pé mi ò bọ̀ mọ́, kò gbà. Ó gba ọkọ̀ wá, ó mú okùn méjì dání tó fẹ́ fi di máṣíìnì mi. Ó rí mi pẹ̀lú kọ́ọ̀bù lọ́wọ́, mò ń wọ́n omi síwájú ṣọ́ọ̀bù méjèèjì. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó wò ó dáadáa. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ sí ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ó wú kọjá etí bàtà, okùn bàtà ti wọ inú ẹran lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà wo?"

"Ọkọ̀ ni. Mo jókòó pẹ́."

"Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?"

Ó yí ojú. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́jọ, òun kò fẹ́ dẹ́rù bà mí ni.

"Ẹ sọ ti ẹsẹ̀ fún dókítà?"

"Wọ́n ní ṣé àlàáfíà ni. Mo ní a dúpẹ́."

Inú mi ń rẹ́rìn-ín, inú mi ń sunkún. Mo bi í pé, "Ta ló ń wọ́n omi síwájú ilé yín ní Kétu?" Ó wo Bàbá Grace tó ti jáde wá pẹ̀lú àga lọ́wọ́, tó ń sọ pé, "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ kú ìrìn. Ẹ wá jókòó." Ó wo ilẹ̀ tútù tó wà láàárín wọn. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó rìn kọjá lórí rẹ̀, ó jókòó. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí mi, ó ní, "Wọ̀n ọ́n."

Ó lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó ń padà lọ, ó mú téèpù kan dání, àti ojú ewé tí mo ti fi ìlà sí, kí ó máa kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i fún dókítà rẹ̀. Ó fi okùn méjèèjì sílẹ̀. Mo na wọ́n sínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ni mò ń kọ́ ṣòkòtò oníbàárà sí.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, fóònù dún. Mo gbé e, kò tiẹ̀ kí mi.

"Mẹ́rìnlélógún," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káalẹ́. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Mo ti sọ fún ọ. Mẹ́rìnlélógún."